Àwọ̀ Tí Oòrùn Jẹ ní Yàrá Sàúdátù

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ìbàfò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Àbúbákr, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kánò? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ìyá rẹ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. A kú ọ̀fọ̀ Sàúdátù, a sì kú ìrọ́jú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o gbọ́ lẹ́nu èmi gan-an. O mọ̀ pé koríko inú òkun ni Sàúdátù àbúrò rẹ ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ìgbì máa ń gbé wá sétí òkun. Ó ní àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ bíi ti gbogbo ewé, àmọ́ àwọ̀ mìíràn ló bò ó mọ́lẹ̀. Àwọ̀ tó bò ó yìí ló ń fi sípíríìtì fà jáde, tó sì rọ sínú ìgò kéékèèké mẹ́ta. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lọ sí yunifásítì lọ ń fọ koríko. Ó ní, "Ògúnkànmí olórí kunkun, ìwọ náà lo máa kọ́kọ́ wá wò ó."

Nígbà tí fídáù ku ọ̀la, mo lọ gbá yàrá rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé. Àjíbíkẹ́ tó ń gbé yàrá kejì ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní yàrá òkú kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn báyẹn, mo fà á ya. Mo to àwọn ìgò náà sójú fèrèsé, kí àwọn tó ń wá kí wa lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi wà nínú oòrùn.

Lánàá ni olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Fẹ̀hìntọlá, wá kó wọn. Wọ́n ní àyẹ̀wò kan péré ló kù, orúkọ Sàúdátù ni yóò sì ṣíwájú lórí ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ jáde. Ìgbà tí wọ́n gbé ìgò sókè, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí omi ìrẹsì. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ náà ni, ẹlòmíràn ni yóò tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, orúkọ onítọ̀hún ni yóò sì ṣíwájú lórí ìwé náà.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á ṣépè. Òórùn sípíríìtì kò jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá náà rí, nítorí náà, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀?" Mo ní ó dà bí ọsàn tó pọ́n, tí èèyàn gbé síwájú àtùpà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́.

Àjíbíkẹ́ kìlọ̀ fún mi, má bá a wí. Èmi ni kó o bínú sí. Bá mi kí Salmah ìyàwó rẹ àti ọmọ.

Èmi ni tìrẹ, tí kò ní sá fún ọ,
Ògúnkànmí.