Wọ́dà Méjì fún Àgbò

Ọjọ́ Ajé, 3/11/2025
Owó tí èmi àti Rodiyat dá jọ: ₦60,000.
Ẹ́ńjìnnì dírììlì àlòkù méjì, 14,000. Bátìrì, 16,500. Táyà mẹ́rin, 5,200. Ike líle tá a fi ṣe ara rẹ̀, 6,000.
Ó ku ₦18,300. Rimóòtù, a yá a ni.

Àgbò lorúkọ tá a sọ róbọ́ọ̀tì wa. Kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ fẹ́ kó tiwọn wá jà ní gbọ̀ngàn kan l'Ókokomáíkò, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kọntiróólà méjì ló kù, ẹyọ kan fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń jókòó láàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnnì, tó ń sọ fún iná pé sáré, rọra, dúró. Wọ́dà ni mo ń pè é — bíi wọ́dà oríta.

Rodiyat, ayálégbé wa tó ń lọ sílé ìwé gíga, ní, "Àǹtí Fàú, ẹ̀yin lẹ mọ owó ná. Ẹ lọ rà á." Orí mi wú.

Ọjọ́rú, 5/11
Mo wọn ẹ́ńjìnnì náà ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ígbó-Elérin, níbi tí mo ti ń tún fáànù ṣe. Tí mo bá dì í mú kó má lè yí, iná tó ń fà ń wọ áńpíà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́dà áńpíà ogún á jóná. Ogójì la nílò.

Mo dé Alábà. Ìyá Tófúnmi, ará Ìjẹ̀bú tí mo ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn tipẹ́, ń ta ogójì ní 17,000 ẹyọ kan. Ọkùnrin kan níta kó tiẹ̀ sórí ọmọlanke: ogójì, 6,000. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Mo ra méjì lórí ọmọlanke.
Ó ku 6,300. Díẹ̀ ló kù kí n kọrin délé.

Ọjọ́bọ̀, 6/11
Àgbò rìn! Ó la pálọ̀ kọjá, ó lọ kọ lu àga Bàbá.
"Ta nìyẹn?" Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Awò tí dókítà ní kí wọ́n rà, 35,000 ni. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó sínú agolo mílíìkì.
Mo ní Àgbò ni.
"Àgbò wo ni kì í jẹ èèpo ẹ̀gẹ́?"

Ẹtì, 7/11
Kò lè padà sẹ́yìn.

Rodiyat fa rimóòtù sẹ́yìn títí — kò mira. Ó wò ó lórí fóònù. Wọ́dà bàlúù ìṣeré ni mo rà. Bàlúù kì í kúkú fẹ̀yìn fò. Tí Àgbò bá kọ lu ògiri báyìí, ibẹ̀ ló máa dúró sí, wọ́n á sì ka mẹ́wàá lé e lórí, a ti pàdánù nìyẹn.

Kò bínú. "Ẹgbẹ̀rún méjìlá péré ni, Àǹtí." Péré! Ọmọ tó ń mu gàárì lójoojúmọ́.

Bàbá gbọ́. Wọ́n ti sin àgbò ìjà rí, n'Íba níbí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Fàúsátù! Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. O wá lọ ra èyí tí kò mọ ẹ̀yìn?"

Àbámẹ́ta, 8/11
Mo padà sí Alábà. Kò sí ọmọlanke.

Ọjọ́ Ajé, 10/11
Mo bèèrè Wọ́dà ogún lọ́dọ̀ Ìyá Tófúnmi, èyí tó ń lọ síwá-sẹ́yìn. 9,500. Wọ́n ní iná mélòó ni ẹ́ńjìnnì mi ń fà. Mi ò lè purọ́.
"O mọ̀ pé á jóná, o ṣì ń bèèrè? Ahun! Gbé ogójì. Wá san ìyókù tó o bá rí i."
Wọ́n so ó mọ́ bátìrì àti ẹ́ńjìnnì lójú mi. Ó lọ. Ó bọ̀.
Méjì, 34,000. Mo san 5,000. Ó ku 29,000 — èmi tí kì í ra àwìn!

Rodiyat ní ká pín gbèsè náà. Mo kọ̀. Èmi kọ́ ló ra ti bàlúù ni?
Bàbá bèèrè ọwọ́ ẹni tí mo ti gbà á, àti iye tó kù. Mo sọ fún wọn.

Àbámẹ́ta, 15/11
Bàbá ní àwọn ń bá wa lọ. Kẹ̀kẹ́, 1,200, àwa mẹ́ta.

Ìjà àkọ́kọ́. Róbọ́ọ̀tì alátakò wa ti Àgbò forí sọ ògiri, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti ń kà — ení, èjì, ẹ̀ta. Bàbá ń fa aṣọ mi: "Ṣé ó ti fẹ̀yìn rìn?" Rodiyat fa rimóòtù.
"Ó ti fẹ̀yìn rìn, Bàbá."
"Ó yá, kàn án!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ wọn.
Ó yí, ó kàn án. Alátakò dojú délẹ̀, kò dìde mọ́.

Ìjà kejì, táyà kan yọ. A pàdánù. Mo fọwọ́ kan Wọ́dà méjèèjì. Wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.
Bàbá ń ròyìn ìjà náà títí a fi délé, bí ẹni pé wọ́n rí i.

Ọjọ́bọ̀, 20/11
Owó fáànù wọlé. Mo gbé 10,000 lọ fún Ìyá Tófúnmi. Wọ́n tì í padà.
"Bàbá rẹ wá lánàá. Oníkẹ̀kẹ́ ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n ní àwọn wá san owó àgbò. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ — ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo délé, mo mi agolo mílíìkì. Kò dún.
Mo gbé 10,000 náà lé Bàbá lórí orúnkún. Wọ́n fọwọ́ tú u wò, wọ́n dá a padà fún mi. "Fi ra táyà tí kì í yọ."

Gbèsè: Bàbá, ₦29,000. N kò tíì san kọ́bọ̀.