Ọjọ́ Tí Pásítọ̀ Pa Ohùn Mi

Àkọ́bí mi, ọmọ tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ láìgba owó ọdẹ kò ní gbójú kúrò lára ilé tí o ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀gá rẹ kò ní jí lódì ọjọ́ tí o bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ku kí ẹnu wọn náà fúyẹ́ lára oúnjẹ. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ kì í ṣe nítorí páànù ni mo fi mú bírò.

Ọmọ mi, mo ń rìnrìn àjò. Ìyá rẹ yìí, tí kò tíì sùn níbòmíràn rí yàtọ̀ sí ilé bàbá rẹ̀ àti ilé ọkọ, ó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń rán àwa mélòó kan lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, sí ìlú kan létí odò ńlá tí omíyalé ti gbá ilé àti ọjà wọn lọ. Pásítọ̀ ní a ò lọ gbé ibẹ̀, a ó kàn lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, a ó sọ̀rọ̀ Jésù fún wọn, a ó sì padà wálé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń di ẹrù tí mo ń tú u. Bàbá rẹ ní báàgì náà á ti gbó kí ó tó jáde nílé.

Ìwé físà ló kọ́kọ́ fẹ́ dá mi dúró. Wọ́n bi mí ní orúkọ, mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ ìbí, mo kọ èyí tí ìyá mi sọ fún mi. Ìgbà tó yá ni ìwé náà bi mí pé kí ni ète mi. Ọmọ mi, bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà láyé, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Mo ní ìjọba wọn yìí mà bẹ̀rù Ọlọ́run o. Mo ká ìwé náà, mo mú un lọ sílé, mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo sọ fún akọ̀wé ìdí fèrèsé pé Olúwa ò tíì dá mi lóhùn, kó jọ̀ọ́ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi, ó ní kí Màmá kọ ìbẹ̀wò síbẹ̀. Mo kọ ọ́ torí pé àwọn ará ẹ̀yìn ti ń pòṣé, àmọ́ ìbéèrè náà bá mi délé. Ṣé ìbẹ̀wò lásán ni Ọlọ́run torí ẹ̀ dá mi ni?

Ti fọ́tò náà tún wà níbẹ̀. Onífọ́tò ní n ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé bí ẹni tó ń lọ jíṣẹ́ ìhìnrere bá fajú ro, ta ni yóò gbà pé ìròyìn náà dára? Ó ní òfin ni. Mo fajú ro fún ìjọba, àmọ́ bí o bá rí fọ́tò náà, wàá rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́ ìrìn àjò, ó fún mi ní káàdì yẹ́lò, ó ní ibà kan báyìí ò tún ní lè rí mi gbé ṣe mọ́. Mo fi káàdì yẹn sínú Bíbélì, níbi tí Sáàmù ti ń sọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn, kí àwọn méjèèjì lè máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀. Pásítọ̀ bi kálukú wa pé kí ló máa ṣe tó bá débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa ní òun á máa tọ́jú egbò. Káfíńtà ní òun á máa kan òrùlé. Olórí akọrin ní òun á kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ó kàn mí, mo ní èmi á máa sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. O ṣáà mọ̀ pé Rédíò ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, torí wọn ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa mí. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, àmọ́ wọ́n ní àwọn oníwàásù ti kún ọkọ̀, kí n lọ bi Ọlọ́run wò, pé bí n ò bá rí nǹkan kan pàtó, bóyá ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà sídìí iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù mi, mo ń lọ aṣọ oníbàárà, omijé ń bá mi wọ́n omi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí gbogbo wa wọlé sí ìpàdé láti orí fóònù, kí a lè bá àwọn tó ń retí wa lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀. Mo gbá pálọ̀, mo to àga fún wọn. Nígbà tí ojú wọn yọ, kéékèèké bí sítáǹbù, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní àjà ilé wa nìkan làwọn ń rí. Ìyá àgbàlagbà kan lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀. Bí mo ṣe rí ojú ìyá náà, àánú ṣe mí, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún un. Mo gbàdúrà fún ilé rẹ̀, fún odò, títí kan ẹja inú odò. Mo wá gbọ́ tí olórí akọrin sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má yọnu mọ́, pásítọ̀ ti pa ohùn Màmá.

Ọmọ mi, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo rántí Sakaráyà nínú tẹ́ḿpìlì, bí ó ṣe wí tẹnu rẹ̀ níwájú áńgẹ́lì tí Ọlọ́run sì fi dí i lẹ́nu. Mo ní ó tán. Mo rọra da fóònù dojú bolẹ̀. N ò tiẹ̀ dán ohùn mi wò, ta ni mí tí màá fi dán Ọlọ́run wò?

Bàbá rẹ dé, wọ́n kí mi, mo mi orí. Wọ́n bèèrè oúnjẹ, mo nawọ́ sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ inú wọn dùn, wọ́n ń súfèé káàkiri ilé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wò mí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀ mí pé bí àwọn bá ti ṣẹ̀ mí, kí n kúkú bú àwọn díẹ̀, kí ilé lè dún bí ilé.

Ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ni bíríkìlà tó mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa gbé aṣọ rẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Nígbàkígbà tó bá wá, kí ó tó gbé aṣọ sílẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le, pé ẹni tó lọ ti sinmi, òun náà á ní ẹ ṣé, á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, mo kàn nawọ́ sí àga ni. Ó dúró, ó ń retí kí n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí n ò bẹ̀rẹ̀, ó jókòó. Mo ń to aṣọ rẹ̀, mo fa búláòsì aláwọ̀ ewé kan yọ láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ búláòsì yẹn, mo rò pé ti àbúrò rẹ̀ ni. Ó wò ó lọ́wọ́ mi, ó ní ti ìyàwó òun ni. Ó ní òun ń kó o mọ́ aṣọ òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí òun ṣáà lè máa gbà á padà ní lílọ̀, bí ẹni pé ìyàwó òun ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ni ó bá ń sọ ọ́ lọ, bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí obìnrin náà sọ kẹ́yìn, bí òun ṣe ń bínú sí Ọlọ́run tí òun ò sì lè wí, torí pé bí òun bá ti la ẹnu, àdúrà ni gbogbo èèyàn ń gbà lé òun lórí. Èédú inú áyọ́ọ̀nù di eérú. Ó sunkún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi náà sunkún láìdún. Nígbà tó dìde, ó ní èmi lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí òun sọ ọ́ dópin.

Kò pẹ́ tó lọ ni bàbá rẹ mú pásítọ̀ wọlé. Pásítọ̀ bi mí pé kí ló dé, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ̀yin lẹ pa ohùn mi. Wọ́n kà á, wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi bọ́. Wọ́n ní bọ́tìnnì kékeré kan ni, inú fóònù ni ohùn náà kú sí, kì í ṣe ọ̀fun mi. Mo dán an wò, mo ní halelúyà, ó jáde. Bàbá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ní ìsinmi àwọn ti parí.

Mo kọ́kọ́ lọ bi bíríkìlà bóyá mo lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún pásítọ̀ àti fún ìwọ, ó ní kí n sọ ọ́, bóyá yóò wúlò fún ẹnì kan. Nígbà tí mo rò ó fún pásítọ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní ṣé mo mọ ohun tí ìyá àgbàlagbà orí fóònù yẹn ń sọ nígbà tí mo ń gbàdúrà lé e lórí? Ó ní láti ìgbà tí omi ti fà, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé àpò oúnjẹ wá, ọ̀pọ̀ ti wàásù, àwọn sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó jókòó ti àwọn kí àwọn sọ ohun tí omi náà ṣe fún àwọn. Pásítọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn ni àwọn máa gbé àga mi sí, ògbufọ̀ á jókòó tì wá.

Ọmọ mi, ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn, mo ń lọ gbọ́ ni. N ò rí oorun sùn nítorí ayọ̀. Mo ti ń fi bàbá rẹ kọ́ṣẹ́. Mo jókòó tì wọ́n lánàá, mo dákẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí orúnkún, wọ́n sọ̀rọ̀ dé ìgbà èwe wọn. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú àwọn tó bẹ́ẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi ra bàtà òjò, torí wọ́n ní ẹrọ̀fọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí o sì fi owó díẹ̀ tì í fún ohun tí ẹnu ń jẹ lọ́nà. Má fi owó náà sínú fóònù mi. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi í fún awakọ̀ tó ń na ọ̀nà ibí.

Ohun kan ló kù. Bí o bá ń pè, mo máa ń bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, wàá ní dáadáa ni, èmi á sì gba ọ̀rọ̀ lọ. Jọ̀ọ́ pè mí lọ́jọ́ Àìkú kí n tó lọ. N ò ní sọ nǹkan kan. Kí o sọ fún mi bí ìlú yẹn ṣe ń ṣe ọ́ gan-an, kí o sọ ọ́ títí yóò fi tán. Bí o bá gbọ́ tí ibi tí mo wà dákẹ́, má pa fóònù. Mo wà níbẹ̀.

Kí Olúwa tó ń gbọ́ ohun tí a ò lè fẹnu sọ máa gbọ́ tìrẹ. Ọ̀nà rẹ á là, ọkàn rẹ á balẹ̀, ayọ̀ rẹ kò ní ní àbùlà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.