Bọ́tìnì Ẹgbàárùn-ún Lé Méje

                                        Yàrá Ìránṣọ,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀yìn Ilé Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti rọjú díẹ̀? Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú sí mi, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì fa ìwé yìí ya. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Bí o bá rí àṣìṣe, fara mọ́ ọn.

Ẹnu ṣì ń yà mí. O mọ ohun tó lé ọmọ rẹ kúrò lọ́dọ̀ mi: àpótí bọ́tìnì. Ó kà á, ó ní ẹgbàárùn-ún lé méje ni, bí ẹni tó tà á ṣe kọ ọ́ síwèé. Méje yẹn ni ontajà fi ṣe èènì. Èmi kì í fi ìwé ṣẹ̀rí. Láti ogójì ọdún, dídì ní ìdì tó dọ́gba ni mo fi ń yẹ ọjà wò. Tí kò bá gún ní méjìlá méjìlá, á gún ní mẹ́wàá tàbí méje. Ọjà tó bá pé gbọ́dọ̀ rí ibì kan gún sí. Eléyìí kọ̀! Ní méjìlá, mọ́kànlá ṣẹ́ kù. Ní méje, mẹ́rin. Ní mẹ́tàlá, mẹ́wàá. Ni mo bá pe ọmọ rẹ lólè lójú gbogbo aránṣọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà." Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, tíṣà ìṣirò wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá bọ́tìnì jà. Ó wo ìwé ọjà náà, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu ni. Iye yìí kì í pín dọ́gba. Àfi kí ẹ dì í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan."

Mo ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Odindi ẹgbàárùn-ún, kó máa ṣagídí bí èmi?"

Ó ní kí n dì í wò láti méjì méjì dé ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kí n dúró níbẹ̀. Tí ìdì kan bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, iye ìdì ò ní tó ọgọ́rùn-ún mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti fi iye yẹn dì í wò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Kò síbi tí kò ti ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo dì í ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó di ọgọ́rùn-ún ìdì, méje ṣẹ́ kù. Ẹgbàárùn-ún lé méje gẹ́lẹ́! Ẹyọ kan ò dín. Ká ní ẹni tó tà á fi ẹyọ kan péré kún èènì rẹ̀, ì bá gún ní méjìlá méjìlá, ǹ bá má la ẹnu mi.

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀. Mo ti pe àwọn aránṣọ jọ, mo sọ fún wọn pé ọmọ rẹ kò jalè, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò bẹ ọmọdé rí. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Tí kò bá fẹ́ rójú mi, kó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Màá dúró síta, màá bẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
Ìyá Oníbọ́tìnì.