Kẹ̀kẹ́ Oníná ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà máa ń dé ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ìròyìn yìí ti kún inú mi jù. Bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ṣọ́ọ̀bù yín ti ṣí padà! Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, àmọ́ kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, koríko ló gba ibẹ̀. Egungun mọ́tò méjì tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbé ló kù, ewúrẹ́ àdúgbò sì sọ ọ̀kan di ilé. Àwọn kan wá bá Màámi pé kí wọ́n ta ilẹ̀ náà fún àwọn. Màámi ò tà á. Èmi ní tèmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà lọ sí Ìyànà Ìbà, kí n má baà rí géètì yẹn tí wọ́n ti tì pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí kí n tó dé ibi ayọ̀. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, tí ẹ máa ń pè mí ní Sátidé pé kí n wá wo bí ẹ ṣe ń tọ wáyà mọ́tò? Ìwé ni mo máa ń sọ pé mò ń kà. Irọ́ ni, Bàbá. Ojú ló ń tì mí. Gbogbo àdúgbò ń pè yín ní Rewáyà, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé èmi lọmọ Rewáyà, ọkùnrin tó ń há nọ́ọ̀tì sí ètè, tó ń kun orin ìjọ gba imú. Ẹ ó ti gbé àkàrà tí a fi bébà wé sórí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná, kó má baà tutù kí n tó dé. Ìgbà mélòó lẹ dá àkàrà yẹn jẹ?

Ẹ̀yìn tí ẹ lọ tán ni mo wá lọ kọ́ iṣẹ́ sólà. Ẹ wo ayé.

Epo bẹntiróòlù wá gbówó lórí débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Òkokomáíkò ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníná dé, èyí tí wọ́n ń ṣáájì bíi fóònù. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ ṣáájì rẹ̀, ní àdúgbò tí iná ti ń wá bí àlejò? Ọ̀dọ̀ àwọn olówó ni a ń gbọ́ pé ibi ìṣáájì wà. Ni ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá pawọ́ pọ̀ láti gbé tiwa kalẹ̀. Ilẹ̀ ló kù.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màámi. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, kí èmi máa bójú tó o.”

Wọ́n ní, “Ìwọ? Ìwọ tí o kì í fẹ́ débẹ̀?”

“Èmi ni, mà.”

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Abẹ́ ìrọ̀rí, Bàbá! Gbogbo ọdún tí ẹ ti lọ, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ yín, Bàbá Wálé mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ tiwa, ò gbà rárá. Níbi ìpàdé àdúgbò, wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà. “Ọkọ̀ tí kì í mu ọ́ìlì, tí kò ní púlọ́ọ̀gì, tí kò ní kábúrétọ̀, kí lẹ fẹ́ kí àwa máa tún ṣe lára ẹ̀? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ pa iná ààrò mi!”  Ẹkún ni mo sun délé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí wọn, “hùn” lásán ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kí lẹ̀yin ìbá ti sọ fún wọn, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan?

A ṣáà ń bá iṣẹ́ lọ. A lọ ra páànẹ̀lì sólà ní ọjà Àlàbá. Ọ̀gá Ìgbò tó tà á fún wa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú oòrùn kí n dán an wò. “Aunty, test am well o, make you no come back come curse me.” A ṣán koríko, a lé ewúrẹ́ kúrò, mo sì fọwọ́ ara mi so gbogbo wáyà.

Sátidé kan la ṣí i. Màámi wọ sùtánà funfun, wọn ò wọ bàtà, wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Ìyá Ẹniọlá, obìnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ láti Ìyànà Ìbà, ló fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Ó so bàlúùnù mọ́ kẹ̀kẹ́ oníná rẹ̀. Bó ṣe ní kóun yà wọ géètì báyìí, ẹsẹ̀ iwájú kó sí kòtò, ó dún gbàù! Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Kò lọ, kò bọ̀.

Ẹnìkan pariwo, “Iná ti kú o!” Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn géńdé mẹ́ta gbé òòlù, wọ́n fẹ́ fi lu táyà náà kó tọ́. 

Bàbá Wálé ti ń wò wá láti òdìkejì, wọ́n ká apá gbera. Òòlù yẹn ni wọn ò lè wò. Sálúbàtà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sáré sọdá títì. “Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀! Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Òòlù lẹ fẹ́ fi bá béárìn sọ̀rọ̀? Sípánà dà?”

Mo sáré wọlé, mo gbé àpótí irinṣẹ́ yín jáde. Nígbà tí wọ́n rí i, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n fọwọ́ pa ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́.

Béárìn, irin róbótó tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi ń yí, ló fọ́. Wọ́n ní kí a lọ mú tuntun wá nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn, irú èyí tí wọ́n ń fi sí kẹ̀kẹ́ elépo. Ó wọlé wẹ́kú. Wọ́n yọ jáde, iyanrìn kún irùngbọ̀n wọn, ẹ̀rín gba ojú wọn kan.

“Béárìn kan náà ni! Bíréèkì kan náà! Àṣé ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń rìn! Ta ló wá sọ fún mi pé kì í bàjẹ́?”

“Èmi kọ́ o, sà. Mo ní kì í mu epo ni. Mi ò sọ pé ọ̀nà Òkokomáíkò ò ní kán an lẹ́sẹ̀.”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. A ti kẹ̀kẹ́ wọlé, mo fi ẹnu wáyà sí i, iná aláwọ̀ ewé tàn. Kò pariwo, kò rú èéfín. Màámi ké “Halelúyà!” lẹ́ẹ̀méje, títì sì gbè é lẹ́ẹ̀méje.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń tò lọ́sàn-án báyìí, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣàwàdà títí tí bátìrì wọn yóò fi kún. Aránṣọ àdúgbò ń gbé bátìrì fìtílà tirẹ̀ wá. Bí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀, agbára sólà máa ń dín kù, a sì máa ń bẹ àwọn kan pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọ́n á kùn, wọ́n á sì padà wá.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Bàbá Wálé wọlé pẹ̀lú ìwé ọmọ ilé-ìwé àti awò ojú. “Ọmọ mi, bíréèkì mo mọ̀. Iná yìí ni mi ò mọ̀. Ṣé o lè kọ́ mi?” Mo fa àga fún wọn. Wọn kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní àná, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ oníná kan tó ti kú wọlé; Bàbá Wálé tọ wáyà láti ìdí bátìrì títí dé mọ́tò tó ń yí táyà, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Kẹ̀kẹ́ náà dìde, ó rìn. Bàbá, ẹ̀ bá rí wọn! Wọ́n ju fìlà sókè, wọ́n ń fò bí ọmọdé, wọ́n kọjú sọ́run, wọ́n ń ké títí Màámi fi sáré jáde:

“Rewáyà! Rewáyà o! Wá wò mí! Mo ti gba iṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́!”

Ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ sùn ire, olólùfẹ́ mi àkọ́kọ́.
Èmi ni, ọmọ Rewáyà.