Mẹ́ta Tó Sọnù Lára Fọ́tò Bàbá Yín

Songon,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2008.

Juwairiyyah, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ariwo ọjà Roxy kò tíì di ọ́ létí? Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ọ̀rọ̀ wa kò tíì sú u. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kámẹ́rà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tí kò lẹ́wà wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ kí ó wá di ẹ̀bi rẹ̀ rù ọ́. Àmín.

Ewúrẹ́ wa ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì sì jọ ìmáámù wa lójú àti ní irùngbọ̀n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Fatimata, nítorí náà gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Mo ṣì ń ṣe opó, mi ò lè jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé, ìyẹn ni mi ò fi wọ ọkọ̀ gbákà wá bá ọ. Ti fóònù kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí kí n tó kí ọ tán, kí n kí ọ̀gá rẹ, kí n kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, owó inú rẹ̀ á ti tán, á wá dà bíi pé torí kíkí nìkan ni mo ṣe pè.

Fatimata tó máa ń gbé àtíẹ̀kẹ́ ẹ̀gẹ́ wá tà ní Adjamé lọ́dọ̀ yín ti mú fọ́tò bàbá yín tí o ṣe dé. O ṣeun, ọmọ mi. Mo sunkún, lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo tún un wò dáadáa, ẹnu sì yà mí. O ti fi eyín tuntun dí àlàfo ẹnu wọn. Ẹ̀yìnkùlé wa tí adìẹ máa ń yàgbẹ́ sí, o ti gbin òdòdó sí i, o sì nu okùn tí mo máa ń sá aṣọ sí kúrò pátápátá. Fatimata béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìgbà tí wọ́n dé àlùjánnà ni wọ́n ya èyí ránṣẹ́. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé wọ́n tètè gbà wọ́n wọlé tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oorun tí wọ́n máa ń sùn nígbà wáàsí Jímọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ láti béèrè ọjọ́ tí o ya fọ́tò náà. O ní o kò rántí, pé fọ́tò tí o yà lọ́sẹ̀ náà lé ní igba, pé ọjọ́ wà nínú fọ́tò náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí o tún un ṣe tán lórí kọ̀ǹpútà tí o wá ẹksipọtẹ rẹ̀, gbogbo mẹtadọnẹ inú rẹ̀, tòun ti ọjọ́ náà, ló sọnù. O ní èyí tó wà nínú káàdì kámẹ́rà nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Ibẹ̀ ni owó fóònù tán.

Mo ro ó títí. Nígbà tí Màmúdù tó ń wọn kòkó fún àwọn olùrà wá kí mi, mo bi í. Ó ní kòkó ni wọ́n ń ẹksipọtẹ, pé wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ sí èbúté, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ òkun, àti pé bí ìwé rẹ̀ bá ti sọnù lọ́nà, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ti wá mọ́. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ṣùgbọ́n Juwairiyyah, kí lo fẹ́ fi bàbá yín ṣe lókè òkun? Ẹni tó ń bì bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ojú omi kékeré gbé e sọdá ọ̀sà!

Ti mẹtadọnẹ yẹn, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mẹ́ta ni mẹ́ta, dọnẹ sì ni àwọn oníbàárà máa ń sọ lédè Faransé bí wọ́n bá fẹ́ kí á fún wọn ní nǹkan. Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n fún fọ́tò náà ló sọnù. Màmúdù ní bó bá jẹ́ ti kòkó ni, mẹ́ta náà ni bó ṣe wúwo tó, oko tó ti wá, àti ọjọ́ tí wọ́n dì í. Bí bàbá yín ṣe wúwo tó, mi ò nílò rẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sùn sí ìwọ̀nba ibi tí wọ́n ṣẹ́ kù fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí wọ́n ti wá, Ọ̀yọ́ ni, kò sí ẹni tí wọn ò sọ fún rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́. Kí àwọn ará èbúté máa mú méjì tó kù lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún ọ. Ní Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ tí o wá kí wa, o ti lọ sọ́dọ̀ Fatimata nígbà tí òjò jò sórí ìrẹsì mi láti ibi òrùlé tí bàbá yín sọ pé àwọn ti tún ṣe. Àlejò wà níjókòó. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi, ọwọ́ wọn kò tún nǹkan kan ṣe rí kó dúró. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá yín kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn dìde. O padà sí Adjamé ní Jímọ̀, ní Àláàdì wọn kò jí. Láàárín ìgbà yẹn, "ó ti tó" nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ bí mo bá ń bu oúnjẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ṣe bí inú wọn bá dùn, ta ló wá lè mọ̀?

Nínú fọ́tò yìí, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Àtàláátà àti Àlàmísì ni mo lọ sí Siporex ra ọjà, nítorí náà ọ̀kan nínú méjèèjì, nígbà tí mi ò sí nílé, ni o yà á. Bùbá ara wọn kò lè sọ fún mi, òun kan náà ni wọ́n wọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Okùn aṣọ ì bá sọ fún mi, torí Àtàláátà nìkan ni ìró aláwọ̀ ewé mi wà lórí rẹ̀, ìwọ sì gbin òdòdó síbẹ̀.

Jọ̀ọ́, wo inú káàdì náà kí ọ̀gá rẹ tó nù ún mọ́ torí ìgbéyàwó tí ó fẹ́ yà. Kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tẹ ẹyọ kan fún mi bó ṣe wà, pẹ̀lú àlàfo eyín àti ìgbẹ́ adìẹ, má ẹksipọtẹ rẹ̀ o, Fatimata ni kí o fi lé lọ́wọ́. Fi ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà tẹ̀ lé e, ọṣẹ ti tán, epo àtùpà náà ti tán. Bó bá di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mi ò ní bínú.

Kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sí ẹ̀yìn fọ́tò, má sì tàn mí. Bó bá jẹ́ Àlàmísì, á jẹ́ pé wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ mi, ẹkún lásán ni n ó máa sun. Bó bá jẹ́ Àtàláátà, á jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi, ó sì ku oṣù mẹ́ta tí mi ò ní lọ síbì kankan, àyè wà fún mi láti bẹ̀ wọ́n.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere, Àbẹ̀ní, èyí tó máa ń pariwo bí inú bá bí i, kí o lè máa mọ ìgbà tí ìjà parí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràmílátù.