Ohùn Láti Àjà Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Òkè

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mount Hope, ní Bronx, lókè òkun níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀ọ̀dá Kúnlé tó dúró tì yín ní ọsibítù. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Bọ̀ọ̀dá ní inú ń bí yín sí mi, pé ẹ kò fẹ́ gba fóònù mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé, tí mo sì fi í síta, kí ẹni tó bá kà á lè bá mi bẹ̀ yín.

Ẹ máa ń béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni mò ń tún ṣe. Èyí tí mo wà báyìí wà lórí òkè. Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá síbí ló kọ́ ọ, kí ó lè jọ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí òkè ìlú wọn. Ilé agogo rẹ̀ méjèèjì rí rogodo lókè bí àlùbọ́sà. Òpó rẹ̀ lọ́ bí okùn. Ẹ ó pè é ní òkúta mábù, àmọ́ igi tí wọ́n kùn ni. Àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ máa ń fi orúnkún gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwòsàn á gé páànù ní àwòrán ibi tó sàn lára rẹ̀, á gbé e kọ́ sára ògiri: ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú. Ojú ló pọ̀ jù. Wọ́n ń wo ènìyàn.

Àjà ni iṣẹ́ tèmi. Wọ́n ya ojú ọ̀run àti àwọn áńgẹ́lì sí i, débi pé ẹni tó wà nílẹ̀ á rò pé òrùlé ti ṣí. Ṣùgbọ́n lókè níbi tí mò ń dúró sí, ojú àwọn áńgẹ́lì gùn gbọọrọ, nítorí ẹni ìsàlẹ̀ ni wọ́n yà wọ́n fún. Àjà náà tẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ó sì ń dá gbogbo ohùn padà. Bí mo bá wúkọ́, òun náà á wúkọ́. Òtútù ti dé, mo sì ń wúkọ́ gan-an. Òun nìkan ló ń dá mi lóhùn látàárọ̀ dalẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yín, mo gbọ́ ọ létí mi lókè níbẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Mo rántí ohun tí ẹ kọ́ wa, pé bí a kò bá rí ẹni tó pè wá, kí a má dáhùn. Mo pa ẹnu mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà ará Kúbà kan ló kúnlẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi Yorùbá tí àwọn baba ńlá wọn kó dé Kúbà gbàdúrà, "kosi iku, kosi arun," gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ́gba, láìsí ohùn òkè, láìsí ohùn ìsàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní àdúrà rẹ̀ ni àjà gbé wá. Ó ní òun kò pe Àbẹ̀kẹ́ kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Yorùbá mi ń kọrin jù. Ìgbà náà ni jìnnìjìnnì bò mí. Ohùn tó pè mí lókè ń lọ sókè sódò bí orin, kò dọ́gba bíi ti ìyá àgbà yìí, bíi tiyín gan-an ni.

Lọ́sàn-án, Bọ̀ọ̀dá pè. Ó ní bí ẹ ṣe lajú, ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mo pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dá mi lóhùn." Ó ní oògùn oorun ló ń sọ̀rọ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Màámi, ẹ̀kọ́ yín ni mo tẹ̀lé. Láàárọ̀ yìí mo tún gòkè, mo kojú sí àjà, mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà." Àjà tó ń dá ikọ́ padà kò dá èyí padà. Mo dúró títí. Bóyá ìdáhùn mi ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú egbò náà tètè jiná, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá tún pè mí, níbikíbi tí ẹ bá wà, n ó dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́