Ìyàwó Mi Rẹ́rìn-ín Kí Tíṣà Tó Túmọ̀ Fíìmù Náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí pèéjì yìí, ẹ wá nǹkan jókòó lé. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kó dín iná kù ná. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kà lórí ìdúró, àgbàlagbà sì ni mí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sáré sọ. Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo nílò ìmọ̀ràn yín, nítorí mò ń ṣe ohun kan sí ìyàwó mi lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, mo mọ̀ pé kò dáa, mi ò sì tíì lè dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Bódìjà là ń gbé, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyàwó mi sí Ìyá Kọ́lá, torí Kọ́lá ni àkọ́bí... ohun tí mo rò nìyẹn. Kí n tó fẹ́ ẹ, àwọn òbí ẹ̀ sọ fún mi pé Kàdúná ló ti gbé, lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ kan. Mo gbà. Bá a bá dé Sábó, tí màálàmù tó ń ta àlùbọ́sà bá fi Hausa dá owó lé e, kì í lè dá a lóhùn, á ní òun ti gbàgbé gbogbo ẹ̀. Mo tún gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èèyàn lè gbé Kàdúná fún ọdún gbọọrọ kó má lè ra àlùbọ́sà ní Hausa? Kí ló dé tí mi ò bi ara mi?

Àbígbẹ̀yìn wa, Fọlákẹ́, ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé sinimá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ sí ìgbèríko, Friday sí Sunday. Lọ́dún yìí, ìlú kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ. Ó ní kí àwa òbí òun wá wo iṣẹ́ òun. A gbé mọ́tò, a lọ. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé girama ni wọ́n lò. Wọ́n fi tapólì dúdú bo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má bàa wọlé, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri. Àgbẹ̀ wá, télọ̀ wá, àwọn ìyá àgbà wá. Torí ọ̀pọ̀ wọn ò lè ka ìwé wẹẹrẹ tó ń sáré lọ nísàlẹ̀ fíìmù, wọ́n ní kí tíṣà kan di máìkì mú, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Fíìmù àwọn ará Ṣáínà la kọ́kọ́ wò. Obìnrin inú ẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ó ń sunkún, ó ń na ọwọ́ sókè, tíṣà wá ní, "Ó ní òun ò lọ." Bàbá kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Tíṣà, gbogbo ẹkún yẹn náà nìyẹn? O ti ń jẹ lára ọ̀rọ̀ náà!" A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín.

Fíìmù kejì, ti Àbíjàn ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ìlú yẹn ló ti lọ ṣòwò ní Àbíjàn rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un wá. Faransé ni wọ́n ń sọ, kò sí ìwé kankan nísàlẹ̀ tiẹ̀, àmọ́ tíṣà gbọ́ Faransé díẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó ń jà nínú ọjà, ọkọ sọ nǹkan kan... tíṣà ṣì ń ro bó ṣe máa sọ ọ́, kò tíì la ẹnu. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Òun àti àwọn ìyá díẹ̀ tó wà níwájú, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa yòókù dákẹ́, à ń retí Yorùbá. Mo wò ó. Kò mọ̀ pé mò ń wo òun. Ẹ̀rín tó ń rín yẹn, láti inú ikùn, tó ń fọwọ́ gbá itan... mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo ọdún tá a ti jọ wà, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí!

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá iwájú yíjú padà, Àlàájà arúgbó kan. Ó wò ó, ó wò ó. "Ìyá Sìmíátù! Àbí ojú ló ń tàn mí? Wọ́n mà ní o ti kú!"

Ìyàwó mi dáhùn, "Mà?"

Ẹ gbọ́ mi o... ó ti dáhùn kó tó rántí pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó wá ní ìyá ṣi òun mú, pé orí ń fọ́ òun, ó dìde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Àlàájà kọjú sí mi: "Ẹ̀yin lọkọ? Ẹ kú ìtọ́jú o. Bẹ́ ẹ ṣe bọ́ ọ sanra yìí ni mi ò fi tètè dá a mọ̀."

Lọ́jọ́ Sunday, mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tá a dé sí, mo lọ bá Àlàájà ní gbọ̀ngàn. Mo ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àbíjàn ni ìyàwó mi gbé. Ó lọ́kọ níbẹ̀, oníṣòwò abọ́, wọ́n bí Sìmíátù. Ọkọ kú. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó, ó ní òun ò ṣe. Ni wọ́n bá pín ogún: ẹ̀gbọ́n mú ṣọ́ọ̀bù, àbúrò mú mọ́tò, ìyá ọkọ mú ọmọ, ìyàwó mi mú aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá ẹ̀ ti kú. Sìmíátù ń bẹ láyé, ó ń ta bàtà, òun náà ti bímọ. Àlàájà fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ pé kí n fún ìyá ẹ̀. Mo ní màá fún un. Mi ò fún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì fún un.

Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Mo ní ṣé ká lọ kí àwọn ará Kàdúná, ó ní ọ̀nà ò dáa. Mo bi í pé kí ni ọkùnrin inú fíìmù yẹn sọ tó pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó ní fíìmù wo? Fíìmù wo! Ó bu ọbẹ̀ kún oúnjẹ mi, ó lọ jókòó. Inú ń bí mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe torí ọmọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé arúgbó tí mi ò mọ̀ rí, inú òkùnkùn ló wà, ẹ̀rín lásán ló fi mọ ìyàwó mi jù mí lọ. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Kọ́lá láàárọ̀ lálẹ́, ó ń dáhùn... kí ló máa ń ṣe é nínú tó bá ń dáhùn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájà pè mí. Ó ti sọ fún Sìmíátù pé ìyá ẹ̀ wà láyé, pé nọ́ńbà Sìmíátù ti wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ọmọ náà ti ń retí ìpè láti ìgbà yẹn. Àlàájà ní, "Ó ní kí n bi yín, kí lòun ṣe tí Màámi ò fi fẹ́ gbọ́ ohùn òun?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi, tí irun mi ti funfun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo sọ.

Bí mo bá fún un lónìí, á mọ bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ mi. Á bi mí pé kí ló yà mí sọ́tọ̀ lára àwọn tó gba ọmọ lọ́wọ́ òun, kí ni màá sọ? Bí mi ò bá sì fún un, àwa méjèèjì ti dàgbà. Bí mo bá kú lọ́la, àwọn ọmọ á jogún ilé Bódìjà, ìyá wọn á jogún fóònù mi. Á rí "Mẹ́káníìkì Mọ́kọ́lá" níbẹ̀, torí orúkọ tí mo fi tọ́jú Sìmíátù nìyẹn. Ó lè pa á rẹ́. Ó sì lè pè é, láti sọ fún mẹ́káníìkì pé bàbá onímọ́tò ti kú...

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan, àbí ẹ̀tọ́ mi ni kí n dúró kó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, àmọ́ kó dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?